Ojú-Ọ̀nà Ohùn Lórí Míkísà: Àgbéyẹ̀wò Ìtàn Láti Abbey Road Dé Apapa

Iṣẹ́ yìí dá lórí ojú-ọ̀nà tí ohùn ń gbà wọ inú míkísà, èyí tí àwọn agbohùnsílẹ̀ ń pè ní ṣánẹ́ẹ̀lì. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ lásán ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kà á sí. Èrò tiwa ni pé iye ojú-ọ̀nà tó wà, àti bí a ṣe pín wọn, ló ń pinnu ohùn tí ìran tó ń bọ̀ yóò gbọ́ ketekete àti èyí tí yóò rì sínú ariwo.

Ní 1964, ilé-iṣẹ́ EMI gbé míkísà REDD.51 sí yàrá kejì ní ilé ìgbohùnsílẹ̀ wọn ní Abbey Road, London. Máíkì 8 ni ó ń gbà, ọ̀nà 4 ni ohùn sì ń gbà jáde lọ sórí téèpù. Nítorí ìwọ̀nba yìí, ìlù àti gìtá olóhùn ìsàlẹ̀ a máa pín ojú téèpù kan náà. Bí wọ́n bá ti dà wọ́n pọ̀ báyìí, omi tó dànù ni. Ètò tí wọ́n ń ṣe kí téèpù tó yí ni ó wá gba làákàyè jù. Nígbà tí The Beatles ń ṣe àwo Revolver ní 1966, Geoff Emerick gbé máíkì súnmọ́ ìlù ńlá Ringo Starr ju bí òfin ilé-iṣẹ́ ti là á sílẹ̀ lọ, ó sì ki aṣọ òtútù sínú ìlù náà. Ẹ̀rù tó ń ba àwọn ọ̀gá ni pé afẹ́fẹ́ inú ìlù lè ba máíkì jẹ́.

Ní òpin 1968 ni TG12345 dé: ojú-ọ̀nà 24 wọlé, 8 jáde. Orí rẹ̀ ni wọ́n ti ṣe àwo Abbey Road ti 1969. Nínú orin “The End”, ojú téèpù 2 ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìlù.

Bí ẹ̀rọ ti ń pààrọ̀ tó, ètò iṣẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Máíkì kọ̀ọ̀kan ní ojú-ọ̀nà tirẹ̀. Kí a tó fọwọ́ kan fédà tí à ń tì sókè sódò, géènì ni a kọ́kọ́ ń tún ṣe, ìyẹn kókó tí à ń yí láti fi díwọ̀n agbára ohùn tó ń wọlé. Ibi tó le jù nínú orin ni kí olórin kọ nígbà náà, kì í ṣe kí ó máa ka ení, èjì lásán bí àwọn ọmọ wa ti ń ṣe lójú agbo. Bí géènì bá pọ̀ jù, ohùn yóò fọ́, fédà kò sì lè tún un ṣe. Bí ó bá kéré jù, híhó ẹ̀rọ ni yóò bá a gòkè.

Ìtàn yìí kàn wá nílé. Abbey Road ni Fẹlá ti gba Fela’s London Scene sílẹ̀ ní 1971. Ní 1973, Paul McCartney àti Emerick wá sí ilé ìgbohùnsílẹ̀ EMI ní Apapa fún àwo Band on the Run. Ẹ̀rọ téèpù olójú 8 kan ṣoṣo ni wọ́n bá níbẹ̀, míkísà náà sì lábùkù. Àwọn kan ń fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́ Èkó, ṣùgbọ́n àwo ọ̀hún gba ipò kìíní ní Ìlú Ọba àti ní Amẹ́ríkà ní 1974.

Ti dùndún tilẹ̀ gba ìṣọ́ra ju èyí lọ. Ìyáàlù ń sọ̀rọ̀. Ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà fi ń hàn. Bí a bá da òun, kẹríkẹrì àti gúdúgúdú sínú ojú-ọ̀nà kan, ìlù yóò kù, oríkì yóò sọnù. Ṣaworo etí rẹ̀ náà a máa bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀, nítorí náà awọ ni kí máíkì kọjú sí. Bí ojú-ọ̀nà 2 péré bá wà lọ́wọ́ olùkọ́ tó ń gba ewì sílẹ̀, kí ó fún ìyáàlù ní ọ̀kan, kí àwọn yòókù sì pín èkejì.