Àgọ́ ni wọ́n pa, ìlú ló dà

Ẹ jókòó o, ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀.

Lóṣù Kẹjọ tó kọjá, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó ń gbé ní London fi fọ́tò ránṣẹ́ sí WhatsApp ẹbí wa. Òun àti ọkọ ẹ̀ àtàwọn ọmọ wọn háyà mọ́tò ńlá kan, irú èyí tó ní bẹ́ẹ̀dì, kíṣìnì àti ilé ìgbẹ́ nínú. Wọ́n wà á lọ sí Snowdonia ní Wales, níbi tí ìjọba ti fi odindi òkè ṣe ọgbà ìgbafẹ́. Wọ́n páàkì sẹ́bàá òkè, wọ́n dáná, wọ́n sùn síbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́fà. Òjò pa wọ́n fún mẹ́rin nínú ẹ̀. Wọ́n ṣì ń rẹ́rìn-ín nínú fọ́tò.

Bàbá mi wo fọ́tò náà títí. Wọ́n ní, "Ṣé owó ni wọ́n san láti lọ sun àgọ́ lábẹ́ òkúta?"

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Ìyá bàbá mi tó jókòó sí kọ̀rọ̀ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Abẹ́ òkúta náà làwa wà yìí. Ta ló ti kúrò níbẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ni kò jẹ́ n sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Òun ló fa gbogbo èyí tí mo fẹ́ sọ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ìjà ọjà. Àwọn òpìtàn sọ pé ọjà Àpòmù ni ọ̀ràn ti bẹ̀rẹ̀, lórí ataare tí owó ẹ̀ kò ju owó ẹyọ márùn-ún lọ. Ká má parọ́, ataare kọ́ ló fọ́ Ọ̀wu. Ìkórìíra ti wà nílẹ̀, òwò ẹrú sì ti sọ gbogbo ojú ọ̀nà di ibi ìjíǹde ogun. Ṣùgbọ́n ní àwọn ọdún 1820, Ifẹ̀ àti Ìjẹ̀bú gbógun ti Ọ̀wu, àwọn ará Ọ̀yọ́ tí ogun ti lé kúrò nílé dara pọ̀ mọ́ wọn, Ọ̀wu sì fọ́. Ọmọ ogun tó ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ kì í padà sílé jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Wọ́n yíjú sí àwọn ìlú Ẹ̀gbá nínú igbó, wọ́n ń jó wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀kan nínú àwọn ìlú Ẹ̀gbá tí wọ́n gbà nígbà náà ni Ìbàdàn. Bẹ́ẹ̀ ni, Ìbàdàn! Ìlú Ẹ̀gbá Gbágùrá ni kó tó di ibùdó ogun ní nǹkan bí 1829. Ẹ̀yin ọmọ Ìbàdàn, ẹ má bínú sí mi, ìtàn ló wí bẹ́ẹ̀.

Àwọn Ẹ̀gbá tí ogun kò pa, tí wọn ò sì rí tà, ń gbé níbẹ̀ láàárín àwọn tó fọ́ ilé wọn. Ìjà ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́, ẹni tó bá jáde lọ sóko lè má padà wálé. Nígbà tó di 1830, Ṣódẹkẹ́ kó wọn jáde. Ìrìn tí mọ́tò ń rìn láàárín wákàtí méjì lónìí ni wọ́n fẹsẹ̀ rìn pẹ̀lú ẹrù lórí, ọmọ lẹ́yìn, àti àrùgbó tí wọ́n ń dì mú lápá.

Ibi tí wọ́n dé kì í ṣe ibi tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Àwọn ará Ìtòkò ti ń dáko níbẹ̀, ẹ sì máa gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà pé orúkọ àtijọ́ ìlú wa ni Oko Adágbà. Ohun tó wà níbẹ̀ tó wú àwọn tó ń sá wọ̀nyí lórí ni òkúta. Ihò wà lábẹ́ ẹ̀ tó gba èèyàn, ẹni tó bá gun orí ẹ̀ á rí ọ̀tá kí ọ̀tá tó rí i, odò Ògùn ò sì jìnnà. Wọ́n wọ abẹ́ Olúmọ. Abẹ́-òkúta.

Mo padà lọ síbẹ̀ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ìyá àgbà. Láti 2006 ni wọ́n ti ṣe líftì síbẹ̀, ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn àtijọ́ ni mo gbà. Wọ́n á fi yàrá abẹ́ òkúta tí àwọn jagunjagun sá sí hàn yín. Ẹ tẹ̀ba kẹ́ ẹ tó wọlé. Wọ́n á fi ojú ihò kéékèèké hàn yín lára àpáta, pé ibẹ̀ làwọn obìnrin ti ń lọ oúnjẹ. Mo ti rí ihò wọ̀nyẹn nígbà tí iléèwé kó wa wá, mo fò wọ́n kọjá ni. Lọ́tẹ̀ yìí mo ti ọwọ́ bọ ọ̀kan. Ó jinlẹ̀, ó sì ń dán. Irú ihò bẹ́ẹ̀ kì í ti ọwọ́ ẹni tó wá ṣeré fún ọjọ́ mẹ́fà wá.

Ibi tí mo ń lọ gan-an rèé. Nínú èdè wa, a máa ń "tẹ ìlú dó". Ibi tí ọmọ ogun bá dúró sí, "ibùdó" ni. Tí wọ́n bá sì yí ìlú ẹlòmíràn ká kí ebi lè pa wọ́n níbẹ̀, wọ́n "dó tì" í nìyẹn. Ọ̀rọ̀ kan náà ni "dó" tó wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń rẹ́rìn-ín, ẹ dákẹ́ jàre.) Lójú àwọn baba wa, àgọ́ ni ìlú nígbà tó ṣì kéré.

Ẹ wo orúkọ àdúgbò wa: Àgọ́-Ìkà, Àgọ́-Ọbà, Àgọ́-Odò, Àgọ́-Òkò tí ààfin Ọ̀ṣilẹ̀ wà. Ẹ lọ sí Ọ̀yọ́ pàápàá. Nígbà tí ogun tú Ọ̀yọ́-Ilé ní àwọn ọdún 1830, ibo ni Aláàfin Àtìbà gbé ìtẹ́ lọ? Àgọ́-Ọjà. Ìlú tí à ń pè ní Ọ̀yọ́ lónìí, àgọ́ lòun náà.

Àgọ́ tiwa yàtọ̀ díẹ̀ ṣá. Àwọn ará ìlú tó fọ́ ò da ara wọn pọ̀. Bí àwọn èèyàn ṣe ń páàkì mọ́tò onílé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú ọgbà, tí kálukú ń dáná tiẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Aké, Ìjẹmọ̀, Ìgbẹ̀in, Kẹ́mta, Ìpórò, Ìkìjà ṣe jókòó ti ara wọn, kálukú pẹ̀lú orúkọ rẹ̀, Ògbóni rẹ̀ àti olórí ogun rẹ̀. Ní 1834, Ọ̀wu náà dé, wọ́n fún wọn láyè. Ṣódẹkẹ́ tó kó wọn wá kò jọba rí títí tó fi kú ní 1845. Ọdún 1854 ni wọ́n tó fi Okukẹnu jẹ Aláké àkọ́kọ́ ní Abẹ́òkúta. Odindi ọdún 24 láìsí ọba kan lórí gbogbo ìlú! Àwọn kan ń pè é ní àìgbọ́ra-ẹni-yé. Èmi rò pé ọ̀pọ̀ wọn ṣì gbà pé àwọn máa padà sílé ni.

Wọn ò padà. Kàkà bẹ́ẹ̀, àwọn tó sọnù ló ń wá wọn bọ̀. Àwọn Sàró bẹ̀rẹ̀ sí í dé láti Freetown lẹ́yìn 1838, ọmọ tí wọ́n ti tà tó ń wá ìyá. Ajàyí Crowther, tí wọ́n kó lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821, Abẹ́òkúta ló ti rí ìyá ẹ̀ padà ní oṣù Kẹjọ 1846. Ọdún 25 ni wọn ò fi rí ara wọn. Bí mo bá ń ka ibẹ̀, mo máa ń pa ìwé náà dé ná.

Ká sòótọ́ délẹ̀ báyìí, torí ẹ̀yin kan ti ń múra láti fi "Ẹ̀gbá ò ní bàjẹ́" dá mi lóhùn. Àwọn tí ogun lé kiri yìí náà gbógun ti Ọ̀tà. Wọ́n dó ti Adó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n ní ẹrú, wọ́n tà á. Ní oṣù Kẹwàá 1867, nígbà tí ìjà pẹ̀lú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó dójú ẹ̀, ará ìlú ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé àwọn òyìnbó míṣọ́nnárì, wọ́n kó wọn lẹ́rù. Ìfọ́lé ni wọ́n ń pè é. Ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ Ẹ̀gbá di ẹrù wọn, wọ́n forí lé Èkó. Gómìnà Glover fún wọn nílẹ̀ ní Ebúté-Mẹ́tta. Ẹ mọ orúkọ tí wọ́n ń pe ibẹ̀? Àgọ́-Ẹ̀gbá.

Ọdún 37 péré ló wà láàárín àgọ́ kìíní àti èyí.

Mo kọ díẹ̀ nínú gbogbo èyí ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi ní London. Wọ́n dá mi lóhùn pé Disẹ́ńbà làwọn máa dé, àwọn fẹ́ kó àwọn ọmọ lọ pàgọ́ nínú ọgbà ìjọba ní Ọ̀yọ́-Ilé. Òótọ́ ni, láti 1991 ni ìjọba àpapọ̀ ti sọ ibẹ̀ di Old Oyo National Park. Ilẹ̀ tó lé ní kìlómítà 2,500 níbùú lóròó, ẹranko àti àwókù odi ìlú ló wà níbẹ̀. Ibi tí àwọn èèyàn sá kúrò ti di ibi tí à ń lọ pàgọ́ sí, ibi tí wọ́n pàgọ́ sí là ń san owó ilẹ̀ lé lórí.

Mo ka èsì náà fún ìyá àgbà. Wọ́n ní kí n sọ fún wọn pé kí wọ́n kọ́kọ́ yà sí Àgọ́-Ìkà, bẹ́ẹ̀dì wà.