Nígbà tí sítíárín bá dẹ̀: ìtàn Peugeot lójú ọ̀nà Sokodé sí Kambolé



Ẹni tó bá ti wọ Peugeot 504 rí láti Sokodé, tó gba Tchamba wá sí Kambolé, á mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Awakọ̀ á máa yí sítíárín sọ́tùn-ún, á tún yí i sósì, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà iwájú rẹ̀ kò wọ́. Kì í ṣe fáàrí. Sítíárín ló ti dẹ̀, ó ní láti yí i dáadáa kí táyà tó gbọ́. Àwọn Faransé ń pe èyí ní jeu, ìyẹn eré. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gba Alédjo kọjá, níbi tí wọ́n ti la àpáta sí méjì kí títì àríwá lè rí ọ̀nà gbà, tó sì rántí àwọn ọkọ̀ ńlá tó ti dojú dé níbẹ̀, mọ̀ pé kì í ṣe eré rárá.

Wọ́n á ní ọkọ̀ náà ti gbó ni. Èmi ò gbà. Oríkèé kan ló gbó, ó sì ṣeé wá rí.

Oṣù karùn-ún ọdún 1960 ni Peugeot gbé 404 jáde, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ péré lẹ́yìn tí Tógò gba òmìnira ní ọjọ́ 27 oṣù kẹrin. Ọkọ̀ yìí gba ipò kìíní nínú ìdíje Safari ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà ní 1963, 1966, 1967 àti 1968, lórí eruku àti ẹrọ̀fọ̀ bíi tiwa. 504 tẹ̀ lé e ní 1968, òun náà sì gbà á ní 1975 àti 1978. Ohun kan tí àwọn méjèèjì fi jọra ni ráàkì, èyí tí à ń pè ní crémaillère ní Tógò. Ọ̀pá irin gbọọrọ tó ní eyín ni. Jíà kékeré kan wà ní ìdí ọ̀pá sítíárín tó ń tì í lọ, tó ń tì í bọ̀. Ní ìpẹ̀kun rẹ̀ lọ́tùn-ún àti lósì, ọ̀pá kékeré so ó mọ́ táyà, pẹ̀lú rotule lẹ́nu: orí irin roboto tó jókòó sínú ihò rẹ̀ pẹ̀lú gírísì, tí rọ́bà bò lórí.

Rọ́bà yẹn ni kó o máa ṣọ́. Bó bá ti ya, eruku pupa á wọlé, á pò mọ́ gírísì, á sì máa ha irin bí ẹni fi yanrìn fọ ìkòkò. Ẹ wá fi èrò mẹ́wàá àti àpò iṣu kún un, lórí ọ̀nà tó rí gbágungbàgun.

Ẹni méjì ló máa ń wá àrùn náà. Kí ọkọ̀ dúró lórí táyà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ́ńjìnnì kú. Ọ̀kan á jókòó, á máa mi sítíárín díẹ̀díẹ̀ sọ́tùn-ún sósì. Èkejì á dùbúlẹ̀, á máa fi ọwọ́ kan oríkèé kọ̀ọ̀kan láti ìdí ọ̀pá sítíárín dé táyà, kó má sì gbàgbé àwọn bóòtù tó de ráàkì mọ́ ara ọkọ̀. Ibi tí irin kan ti ń mì tí èyí tó so mọ́ ọn kò mì, ibẹ̀ ni àrùn wà. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n fi jáàkì gbé táyà, kí wọ́n dì í mú lọ́tùn-ún lósì, kí wọ́n mì ín. Bó bá ń mì, kí ẹnìkejì tẹ búréèkì. Bí mímì náà bá dáwọ́ dúró, bíárìn ló dẹ̀, kì í ṣe rotule.

Ibi tí mo ti ń bínú sí àwọn mẹkáníìkì kan nìyí. Dípò kí wọ́n wá oríkèé, wọ́n á lọ sí ara ráàkì, níbi tí sípíríǹgì ti ń ti irin kan mọ́ ọn, wọ́n á fún un pinpin. Sítíárín á le lóòótọ́, oníbàárà á sanwó, á sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n àárín ráàkì ló máa ń jẹ jù, torí pé ọ̀nà tó tọ́ là ń rìn jù. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò jẹ. Bí o bá fún un tó àárín, á há nígbà tí o bá fẹ́ yà ní kọ́nà. Sítíárín tó dẹ̀ burú, èyí tó há ní kọ́nà burú jù ú lọ.

Kí ló dé tí wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀? Owó ni. Ní ọjọ́ 11 oṣù kìíní ọdún 1994, ní Dakar, wọ́n gé iye owó CFA sí ìdajì. Franc Faransé kan tó jẹ́ 50 CFA di 100. Ohun tí à ń san 5,000 fún di 10,000 lálẹ́ ọjọ́ kan, bẹ́ẹ̀ owó ọkọ̀ tí èrò ń san kò lè di ìlọ́po méjì.

Ojú wá yí sí ìlà-oòrùn, torí pé láti 1975 ni wọ́n ti ń to 504 jọ ní Kaduna. Nǹkan kan wà níbí tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò rò. Títí di ọdún 1972, ọwọ́ òsì ni Nàìjíríà ń rìn lójú títì, bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe fi sílẹ̀. Ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún yẹn ni wọ́n bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún bíi tiwa. Ká ní wọn ò yí i ni, ọwọ́ ọ̀tún ni sítíárín ọkọ̀ Kaduna ì bá wà, jíà ráàkì rẹ̀ ì bá wà ní òdìkejì, kò sì ní wọ 504 Kambolé kankan. Àṣẹ tí wọ́n pa ní Nàìjíríà ló jẹ́ kí ráàkì ibẹ̀ ṣeé lò lọ́dọ̀ wa, bí irú wọn bá ṣáà jẹ́ ọ̀kan náà.

Tí ẹ bá wá ra rotule, níbikíbi tó ti wá, ẹ kọ́kọ́ fi ọwọ́ yí orí rẹ̀. Ó yẹ kó le díẹ̀. Bó bá ń ṣubú síhìn-ín sọ́hùn-ún, ẹ dá a padà. Kí mẹkáníìkì ka iye ìgbà tí ògbólógbòó yí kó tó jáde, kó yí tuntun wọlé níye kan náà, kó na okùn láti táyà ẹ̀yìn dé ti iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì láti mọ̀ bóyá wọ́n tọ́, kó tó wá mú nọ́ọ̀tì le.