Asofẹ́yẹjẹ: Igi Etí Oko Tó Dé Ilé Ìwòsàn Gbogbo Ayé

Ọ̀rọ̀ tòní kì í ṣe ti ajílẹ̀, kì í sì í ṣe ti ẹ̀gẹ́. Ìtàn igi kan ni mo fẹ́ sọ fún yín, igi tí púpọ̀ nínú yín ti fi àdá bẹ́ dànù lọ́dún yìí nígbà tí ẹ ń ṣán oko.

Asofẹ́yẹjẹ ni igi náà. Inú oko tí a ti fi sílẹ̀ fún ọdún mélòó kan ló ti máa ń hù, ẹnikẹ́ni kì í gbìn ín. Ewé rẹ̀ máa ń yọ ní mẹ́ta-mẹ́ta tàbí mẹ́rin-mẹ́rin lójú kan. Bí ẹ bá ya ewé náà, oje funfun á jáde. Èso rẹ̀ kéékèèké máa ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú, àwọn ẹyẹ ló sì ń jẹ ẹ́, ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Ṣùgbọ́n gbòǹgbò rẹ̀ ni ìtàn wà, ó sì korò bí jogbo.

Láti ayé àwọn baba wa ni àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Yorùbá ti ń fi gbòǹgbò yìí tọ́jú ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Wọn á gún un, tàbí kí wọ́n rẹ ẹ́, wọn á sì fún aláìsàn mu. Ẹni tó ń pariwo tó ń bá gbogbo ilé jà tẹ́lẹ̀ á bì, á sì sùn, nígbà mìíràn á sùn pẹ́. Adam Afzelius, ọ̀mọ̀wé ará Sweden tó gbé ní Sierra Leone láàárín 1792 sí 1796, ló fún igi náà ní orúkọ tó ń jẹ́ nínú ìwé, Rauvolfia vomitoria. Èébì ni apá kejì orúkọ yẹn ń tọ́ka sí. Apá kìíní jẹ́ ìrántí Leonhard Rauwolf, dókítà ará Jámánì kan láyé àtijọ́ tí kò fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ wa rí. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Igi yìí ní ìbátan kan ní Íńdíà tí àwọn oníṣègùn ibẹ̀ náà ń lò fún wèrè. Ní 1931, àwọn dókítà ará Íńdíà méjì, Sen àti Bose, kọ̀wé pé ó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ríru rọlẹ̀, ó sì ń mú wèrè balẹ̀. Àwọn òyìnbó kò fi bẹ́ẹ̀ kà á sí títí di 1949, nígbà tí dókítà Vakil ará Bombay kọ tirẹ̀ sínú ìwé àwọn dókítà ọkàn ní Bìrìtéènì. Ní 1952, ilé iṣẹ́ Ciba ní Switzerland yọ ohun tó ń ṣiṣẹ́ nínú gbòǹgbò ti Íńdíà, wọ́n sì sọ ọ́ ní reserpine. Ní 1954, wọ́n rí reserpine kan náà nínú gbòǹgbò asofẹ́yẹjẹ tiwa.

Ní ọdún 1954 yẹn kan náà, ohun mìíràn ń ṣẹlẹ̀ nítòsí wa níbí. Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta tó kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ọpọlọ ní Bìrìtéènì, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Aro. Ilé ìwòsàn náà kò tíì parí. Kàkà kó jókòó dúró de kọ́lékọ́lé, ó lọ bá àwọn àgbẹ̀ abúlé tó yí Aro ká pé kí wọ́n gba àwọn aláìsàn sílé. Aláìsàn kọ̀ọ̀kan á mú ìbátan rẹ̀ kan wá tí yóò máa se oúnjẹ fún un. Bí ilẹ̀ bá mọ́, wọn á lọ gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn. Bó bá di ọ̀sán, wọn á padà sí abúlé, ẹni tó bá lè ṣiṣẹ́ á bá wọn lọ sóko. Àwọn onílé ń gba owó ilé, wọ́n rí ẹ̀yáwó fi kọ́ yàrá kún ilé wọn, omi ẹ̀rọ sì dé abúlé. Lambo tún pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra, ohun tó ya ọ̀pọ̀ dókítà lẹ́nu nígbà náà. Mo máa ń sọ fún àwọn ọ̀dọ́ wa pé àgbẹ̀ ló kọ́kọ́ gba wèrè sílé, kí ayé tó wá wo Aro ṣe àwòkọ́ṣe.

Dókítà ará Kánádà kan, Raymond Prince, ṣiṣẹ́ ní Aro ní ìparí àwọn ọdún 1950. Ó wo bí àwọn oníṣègùn wa ṣe ń lo asofẹ́yẹjẹ, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé àwọn dókítà Amẹ́ríkà ní 1960. Ohun tí ilé iṣẹ́ òògùn ń fi ẹ̀rọ yọ, àwọn bàbá wa ti ń fi ọmọ odó gún un tipẹ́.

Kí ló wá kàn wá níbẹ̀? Nígbà tí gbòǹgbò ti Íńdíà di ọ̀wọ́n, Áfíríkà ni àwọn ilé iṣẹ́ òògùn kọjú sí. Láti Kóńgò ni wọ́n ti ń kó gbòǹgbò asofẹ́yẹjẹ lọ jù. Àpò gbòǹgbò ló ń lọ, páálí òògùn ló ń padà wá, ẹ sì mọ èyí tó wọ́n jù nínú méjèèjì. Ìwọ̀n ni wọ́n fi jù wá lọ. Wọ́n mọ iye tó wà nínú hóró òògùn kan. Àwa kò mọ iye tó wà nínú ife àgbo kan.

Ìwọ̀n yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré. Nígbà tí wọ́n fún àwọn ehoro ní reserpine nínú ìwádìí Arvid Carlsson ní Sweden ní 1957, ńṣe ni wọ́n le gbagidi, wọn kò lè mira. Nínú ènìyàn, bó bá ti pọ̀ jù, ẹ̀jẹ̀ á wálẹ̀ ju bó ti yẹ lọ, ọkàn mìíràn á sì rẹ̀wẹ̀sì débi pé kò ní fẹ́ wà láyé mọ́. Ìdí nìyí tí àwọn dókítà fi dín lílò rẹ̀ kù nígbà tí àwọn òògùn mìíràn dé. Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan wà lápá Ọ̀fàdà tí wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Ó ń lo hóró òògùn tí wọ́n fún un ní ilé ìwòsàn, ó sì tún ń mu àgbo asofẹ́yẹjẹ mọ́ ọn láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Àárín ebè la ti gbé e. Ó yè é, ṣùgbọ́n kò lè ro oko títí ọdún náà fi parí. Bí ẹ bá ń mu ún, ẹ dákun, ẹ sọ fún dókítà yín.

Igi náà fúnra rẹ̀ ń lọ. Láti ìgbà tí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ti ṣí ní 1978, ilé ti bo púpọ̀ nínú ilẹ̀ tí a ń fi sílẹ̀ kó sinmi láàárín Mowe àti Ibafo, kò sì sí asofẹ́yẹjẹ níbi tí ilẹ̀ kò bá ti sinmi. Àwọn tó ń wa gbòǹgbò tà kì í sì í wa ẹ̀gbẹ́ kan dá ìkejì sí. Ìdí igi ni wọ́n ń hú.

Ẹ dá méjì mẹ́ta sí ní ààlà oko yín. Bí ẹ bá fẹ́ gbìn ín, ẹ ká èso tó pọ́n, ẹ fọ ẹran ara rẹ̀ kúrò, kí ẹ gbin hóró rẹ̀ sínú ọ̀rá lábẹ́ ibòji. Ẹ ní sùúrù fún un, kì í yára hù. Ṣùgbọ́n ẹ tètè ká a o, torí àwọn tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ kì í dúró de ẹnikẹ́ni.