Iyèrírà Kì Í Ṣe Ọjọ́ Orí

Bí àgbàlagbà bá ń béèrè ohun kan náà léraléra, wọ́n á ní ó ti ń ṣarán. Àwọn tó ń kọ̀wé ìlera kò fẹ́ kan àgbà lábùkù, wọ́n sọ Alzheimer di “àrùn ìgbàgbé”. Orúkọ méjèèjì kò tó. Ta ni kì í gbàgbé? Ẹni tí kò rántí fi iyọ̀ sọ́bẹ̀, ìgbàgbé ni. Ẹni tó ti ń dáná láti kékeré, tó wá dúró ti ìkòkò láìmọ ohun tó kàn lẹ́yìn epo, iyè rẹ̀ ló rà. Iyèrírà ti wà nínú èdè wa tipẹ́. Òun ni mo fara mọ́ fún ipò tí aláìsàn wà, ohun yòówù kó fà á, nítorí rọpárọsẹ̀ náà lè fà á. Kí Alzheimer wá jẹ́ orúkọ àrùn kan ṣoṣo lára àwọn tó ń mú iyè rà.

Arán ló kọ́kọ́ yẹ ká mú kúrò, torí ó ń di gbogbo ẹ̀bi lé ọjọ́ orí lórí. Auguste Deter, obìnrin tí dókítà Alois Alzheimer yẹ̀ wò nílé ìwòsàn ní Frankfurt lọ́dún 1901, ẹni ọdún 51 péré ni. Nígbà tó kú ní 1906, dókítà náà fi máíkírósíkóòpù wo ọpọlọ rẹ̀, ó sì rí nǹkan méjì tí òǹkọ̀wé Yorùbá gbọ́dọ̀ wá ọ̀rọ̀ fún. Àkọ́kọ́ ni purotéènì amyloid tó ṣù jọ sáàárín àwọn sẹ́ẹ̀lì. “Ìṣùjọ” ni mo pè é. Àwọn kan lè fẹ́ “ìdọ̀tí”, ṣùgbọ́n ara fúnra rẹ̀ ló ń ṣe é, ìdọ̀tí a sì máa rán ẹbí lọ wá àgbo tí yóò fọ̀ ọ́ jáde. Èkejì wà nínú sẹ́ẹ̀lì gan-an. Purotéènì tau ló ń di ọ̀nà tí sẹ́ẹ̀lì fi ń kó ẹrù rẹ̀ kiri mú ṣinṣin; bó bá já kúrò níbẹ̀, a lọ́ mọ́ra bí òwú. “Ìtakókó” sọ ọ́ tán. Sẹ́ẹ̀lì á máa kú, ọpọlọ á máa sún kì.

Wọ́n lè ní aráàlú kò nílò ọ̀rọ̀ tuntun, pé ká sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì kó parí. Ìwádìí tí àwọn onímọ̀ Ìbàdàn àti ti Indianapolis ní Amẹ́ríkà jọ ṣe tako èyí. Ní àdúgbò Ìdíkàn n’Ìbàdàn, Yorùbá ni wọ́n fi bi ẹbí bóyá àgbàlagbà ń gbàgbé orúkọ ọ̀rẹ́, bóyá ó ń ṣìnà ládùúgbò ara rẹ̀. Irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tó jẹ́ kí wọ́n lè kéde ní 2001 pé Alzheimer ń mú ìdá 1.15 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn àgbàlagbà tí wọ́n yẹ̀ wò ní Ìbàdàn lọ́dún kan, tó sì ń mú ìdá 2.52 láàárín Adúláwọ̀ Indianapolis. Mo gbà pé ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ kò gbọ́ iyèrírà rí. Rédíò lè kọ́ wọn. Ohun tí mi ò lè gbà ni àròyé pé arán kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ìyá tó ń sọ kántankàntan lóru, tí kò sẹ́ni tó mọ̀ pé àìsàn ni, àwọn ará ilé lè ní àjẹ́ ló ń jẹ́wọ́.