Àmì Tí Ó Ń Bá Ẹrù Rìn: Ìtàn Ìtọpasẹ̀ Ọ̀rọ̀ Lórí Kọ̀ǹpútà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Síbẹ̀, àwọn baba ńlá Yorùbá kò fi gbogbo iṣẹ́ sí ẹnu ìránṣẹ́ nìkan. Wọn a máa pàrokò. Ẹni tí a bá fi ẹyọ owó mẹ́fà ránṣẹ́ sí mọ̀ pé ọkàn ẹni tí ó fi í ránṣẹ́ fà mọ́ òun. Bí àrokò náà tilẹ̀ gba ọwọ́ mẹ́ta kọjá, ìtumọ̀ rẹ̀ kò yẹ̀, nítorí pé ara ẹrù gan-an ni àmì wà.

Ọgbọ́n yìí kò tíì parẹ́. Ní Iyaro, ní ìlú Benin, níbi tí ọkọ̀ ti ń gbéra lọ sí Èkó àti àwọn ìlú mìíràn, ọ̀tọ̀ ni ìwé tí a kọ orúkọ àwọn èrò ọkọ̀ sí, ọ̀tọ̀ sì ni wébìlì ẹrù tí olówó rẹ̀ kò bá ọkọ̀ lọ. Bí kò bá sí wébìlì, tí ogún ẹrù gbéra, tí mọ́kàndínlógún gúnlẹ̀, ohun tí ìwé ọkọ̀ lè sọ kò ju pé ọkọ̀ dé. Ẹ̀kọ́ yìí kan náà ni àwọn tí ń ṣètò kọ̀ǹpútà ní láti kọ́.

Ní ọdún 1995 ni Brendan Eich dá èdè JavaScript sílẹ̀. Láyé ìgbà náà, bí ìwé kíkọ ni ọ̀rọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì rí: ìbéèrè kan, èsì kan, olúkúlùkù nínú àpòòwé tirẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2011 ni a fi òfin WebSocket lélẹ̀. WebSocket dà bí ilẹ̀kùn tí a ṣí lẹ́ẹ̀kan tí a kò sì tì í. Tọ̀tún tòsì ń sọ̀rọ̀ gba ibẹ̀ nígbà tí ó bá wù wọ́n.

Láàárín àkókò kan náà, iṣẹ́ kan ṣoṣo ti ń gba ọwọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ kọ̀ǹpútà kọjá. Google ṣàlàyé Dapper ní ọdún 2010. Twitter gbé Zipkin jáde fún gbogbo ayé ní ọdún 2012. Uber gbé Jaeger jáde ní ọdún 2017. Ọgbọ́n kan náà ni gbogbo wọn lò: a fún iṣẹ́ ní nọ́ńbà ní ìbẹ̀rẹ̀, kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan sì ń kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀ pẹ̀lú àkókò tí ó gba iṣẹ́ àti àkókò tí ó parí rẹ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 2020, àjọ W3C fọwọ́ sí ìlànà kan fún gbogbo ayé. Ó pe àmì náà ní traceparent. Ojú àpòòwé ni ó sì fi í sí.

Níbẹ̀ ni wàhálà WebSocket wà. Ìgbà tí a ń ṣílẹ̀kùn nìkan ni ó ní àpòòwé. Lẹ́yìn náà, bí ẹgbẹ̀rún ọ̀rọ̀ bá kọjá, kò sí èyí tí ó ní ojú tí a lè kọ nọ́ńbà sí. Bí a bá so nọ́ńbà mọ́ ilẹ̀kùn, ìwé ọkọ̀ ni a kọ, a kò kọ wébìlì. Ọ̀nà àbáyọ ni pé kí a di ọ̀rọ̀ àti nọ́ńbà rẹ̀ pọ̀ sínú ẹrù kan, kí ẹni tí ó gbà á kọ́kọ́ yọ nọ́ńbà kí ó tó ka ọ̀rọ̀. Èyí ń fẹ́ àdéhùn, nítorí pé ìdí ẹrù yóò rú ẹni tí a kò sọ fún lójú.

Ọ̀ràn yìí kì í ṣe ti àwọn onímọ̀ nìkan. Láti ọdún 2011 ni ètò NIP ti ń gbé owó láti báńkì kan sí òmíràn ní Nàìjíríà, nọ́ńbà 30 sì ń bá owó kọ̀ọ̀kan rìn. Nígbà tí owó bébà wọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, tí owó púpọ̀ há sí agbede méjì, nọ́ńbà yìí ni àwọn báńkì lè fi wá owó ọlọ́jà àti owó oúnjẹ ọmọ. Ẹ̀rí ọ̀nà kì í ṣe ẹ̀rí ẹrù.