Òkúta Tí A Gbé, Àpáta Tí A Bá: Ohun Tí Etí Òkè-Ògùn Gbọ́ nínú Bíbélì

Ẹsẹ kan wà nínú ìwé Máàkù tí àwọn tó ń kọ̀wé lórí òkúta inú Bíbélì máa ń sáré kọjá. Orí 15, ẹsẹ 46 ni. Jósẹ́fù ará Arimatíà tẹ́ òkú Jésù sínú ibojì tí a gbẹ́ sínú àpáta, ó wá yí òkúta dí ẹnu ibojì náà. Ọ̀rọ̀ méjì ni Gíríìkì lò níbẹ̀, petra àti lithos, méjì náà sì ni Yorùbá lò. Àpáta ló gba òkú mọ́ra, òkúta ni wọ́n yí. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kẹta, òkúta ni àwọn obìnrin bá ní yíyí. Àpáta kò kúrò níbi tó wà. Èrò mi ni pé ìyàtọ̀ yìí ló ń darí ọ̀rọ̀ òkúta láti Jẹ́nẹ́sísì títí dé Ìfihàn, àti pé àwọn tó ṣáájú wa kò fún un ní àyè tó tọ́ sí i.

W. Robertson Smith ni mo fẹ́ kọ́kọ́ dá lóhùn. Nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lórí ẹ̀sìn àwọn ọmọ Ṣémù, tó jáde ní 1889, ó ka òkúta tí Jákọ́bù ta òróró sí ní Bẹ́tẹ́lì mọ́ àwọn òkúta ìgbàanì tí a gbà pé òrìṣà ń gbé inú wọn. Àlàyé yìí tètè wọ̀ wá létí nílẹ̀ Yorùbá. Ta ni kò tíì rí yangí Èṣù tí epo ń ṣàn lára rẹ̀? Kò pẹ́ tí a ó fi gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń fi ẹ̀sìn wé ẹ̀sìn pé ohun tí Jákọ́bù ṣe kò yàtọ̀ sí tàwọn bàbá ńlá wa. Mo gbà pé ọwọ́ tó ń ta òróró jọ ọwọ́ tó ń ta epo. Mo tún gbà pé ẹsẹ méjì wà tí wọ́n lè dì mú: Jẹ́nẹ́sísì 28:22, níbi tí Jákọ́bù ti pe òkúta náà ní ilé Ọlọ́run, àti 35:14, níbi tó ti ta ohun mímu sórí ọwọ̀n òkúta. Àwọn ẹsẹ yìí wúwo, n kò ní bò wọ́n mọ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ni àwọn òkúta tó jẹ́ ẹbí kan náà ń ṣe níbòmíràn? Èyí tí Jákọ́bù àti Lábánì kó jọ jẹ́rìí láàárín wọn. Méjìlá tí Jóṣúà ní kí wọ́n gbé láti inú Jọ́dánì wà kí àwọn ọmọ lè béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Èyí tó gbé kalẹ̀ lábẹ́ igi óákù ní Ṣékémù, ó ní ó ti gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Sámúẹ́lì gbé tirẹ̀ kalẹ̀, ó pè é ní Ebenésérì, orúkọ tí ọ̀pọ̀ ìjọ wa ń jẹ́ títí dòní. Iṣẹ́ ẹlẹ́rìí ni gbogbo wọn ń ṣe. Ẹlẹ́rìí kì í ṣe ilé tí ẹnì kan ń gbé. Ẹni tó bá pe gbogbo wọn ní "òkúta mímọ́" kò tíì béèrè ìbéèrè tó yẹ kó ṣíwájú: ta ló gbé e síbẹ̀?

Ní Ijio níhìn-ín, àti jákèjádò Òkè-Ògùn títí dé Ṣakí àti Ìsẹ́yìn, ọmọdé mọ ìdáhùn ìbéèrè yẹn kó tó mọ ìwé. Lákòókò ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn ìyá wa máa ń ru iṣu tí wọ́n ti bọ̀ lọ sá sórí àpáta kó lè gbẹ, kó di èlùbọ́. Àwọn ni wọ́n ń lọ bá àpáta; kò sí ẹni tó gbé àpáta wálé. Ṣùgbọ́n òkúta mẹ́ta tí ìkòkò jókòó lé, ọwọ́ ló tò wọ́n, ọwọ́ sì lè tú wọn ká. Ẹ fetí sí ọ̀rọ̀-ìṣe tí a ń lò: à ń gbé òkúta, à ń yí i, à ń ṣà á, à ń tò ó, à ń sọ ọ́. Àpáta ńkọ́? À ń gùn ún, à ń sá sábẹ́ rẹ̀, à ń dúró lé e, à ń pọn omi lórí rẹ̀. Lórí òkè Àdó-Àwáyè, lẹ́bàá Ìsẹ́yìn, adágún Ìyákẹ jókòó sórí àpáta gan-an. Ẹni tó bá ti débẹ̀ kò ní ka omi tó ti inú àpáta jáde nínú Ẹ́kísódù 17 bí ẹni tí kò rí irú rẹ̀ rí. Nígbà ogun ọ̀rúndún kọkàndínlógún, orí òkè ni ọ̀pọ̀ ìlú wa sá sí. Nítorí náà, nígbà tí orin Mósè nínú Diutarónómì 32 pe Ọlọ́run ní Àpáta, ibi ìsádi ni etí wa gbọ́. Kò sí ìjọ Yorùbá kan tó ń pè é ní Òkúta ayérayé. Hébérù náà fi tsur àti sela síhà kan, ó fi eben síhà kejì. Jẹ́nẹ́sísì 49:24, tó pe Ọlọ́run ní eben Ísírẹ́lì, ni èyí tí mo mọ̀ tó yà kúrò lójú ọ̀nà yìí.

Ìbéèrè kan wà tó fẹ́ fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́: kí ló dé tí Bíbélì wa fi ní wọ́n sọ Sítéfánù ní òkúta, tí kò ní wọ́n sọ ọ́ lókò? Igi lè di òkò, ọgulùtu lè di òkò. Jíjù tí a ju nǹkan ló sọ ọ́ di òkò. Òfin Mósè kò fẹ́ kí ó jẹ́ ohunkóhun tí ọwọ́ bá sáà bà. Ó jọ pé àwọn olùtumọ̀ mọ èyí. 

Wọ́n lè ní ìyàtọ̀ mi wó lulẹ̀ níbi méjì. Nínú Dáníẹ́lì 2, òkúta di òkè ńlá. Nínú 1 Kọ́ríńtì 10:4, àpáta ń tọ àwọn ènìyàn lẹ́yìn. Èmi rò pé àwọn ni ẹ̀rí tó lágbára jù lọ tí mo ní. Kí ló dé tí Dáníẹ́lì fi tẹnu mọ́ ọn pé a kò fi ọwọ́ gé òkúta náà? Nítorí pé ọwọ́ ni òkúta ń bá lọ ni. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ yẹn kò wúlò níbẹ̀. Pọ́ọ̀lù náà fẹ́ kí ẹnu yà wá: àpáta kì í rìn, ṣùgbọ́n èyí rìn, Kristi sì ni. Róòmù 9:33 kó méjèèjì pọ̀ sórí ẹnì kan ṣoṣo, òkúta tí Ọlọ́run fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé kalẹ̀ ní Síónì, àti àpáta.

Òkúta iyebíye àwo ìgbàyà Áárónì àti ti ìpìlẹ̀ Jerúsálẹ́mù tuntun, àwọ̀ àti iye ni ọ̀rọ̀ wọn dá lé. Ọwọ́ ló tò wọ́n síbi tí wọ́n wà, ó tán.

Ó wá ku Mátíù 16:18. Lórí pẹpẹ wa, a máa ń gbọ́ pé petros jẹ́ òkúta kékeré, pé petra jẹ́ àpáta ńlá, nítorí náà kì í ṣe Pétérù ni Jésù ń wí. Augustine tìkára rẹ̀, nígbà tó ń yẹ àwọn ìwé rẹ̀ wò lọ́jọ́ ogbó, fi yíyàn láàárín Pétérù àti Kristi sílẹ̀ fún ẹni tó ń kàwé. Oscar Cullmann, ní 1952, dúró lórí pé ọ̀rọ̀ Árámáíkì kan ṣoṣo, Kéfà, ló wà lábẹ́ méjèèjì. Cullmann ni mo tọ̀ lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n wọ́n á bi mí pé: ṣé o kò wá ba ìyàtọ̀ tí o ti ń kọ́ láti òwúrọ̀ jẹ́ báyìí?

Abẹ́òkúta ni ìdáhùn mi. Àpáta ni Olúmọ. Kò sí ẹni tó gbé e síbẹ̀. Síbẹ̀ àwọn Ẹ̀gbá tó tẹ̀dó sí ẹsẹ̀ rẹ̀ ní 1830 kò pe ìlú wọn ní Abẹ́-àpáta. Iṣẹ́ méjì ni òkúta ń ṣe lẹ́nu Yorùbá, nígbà náà: ó jẹ́ èyí tí ọwọ́ gbé, ó sì jẹ́ orúkọ ohun líle náà fúnra rẹ̀, ì báà jẹ́ ẹ̀kúnwọ́ tàbí odindi òkè. Bí Kéfà ti rí lẹ́nu Jésù gan-an nìyẹn. Samuel Ajayi Crowther, olùtumọ̀ Bíbélì Yorùbá, ọmọ Òṣogùn ní agbègbè Ìsẹ́yìn, tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821, bá míṣọ́nnárì Henry Townsend dé Abẹ́òkúta ní 1846. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni Mátíù tó wọ èdè wa, a sì ka "Pétérù" pẹ̀lú "àpáta" níbẹ̀, tí ẹ̀fẹ̀ ọ̀rọ̀ náà sì pòórá. Bó bá jẹ́ ọwọ́ mi ni, "Òkúta" ni Símónì ì bá máa jẹ́, orí òkúta yìí kan náà ni ìjọ ì bá sì dúró lé. Ọ̀rọ̀ náà ti wà nílẹ̀ níwájú àwọn olùtumọ̀, nínú orúkọ ìlú. Abẹ́ Olúmọ ni àwọn Ẹ̀gbá sá sí lójú ogun, òkúta sì ni wọ́n pè é.