Yunifásítì Aláìlógiri: Láti Orí Lẹ́tà dé Orí Fóònù

Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹrin ọdún 1984, ìjọba ológun Ọ̀gágun Muhammadu Buhari dá National Open University dúró. Ilé-ẹ̀kọ́ náà kò tíì pé ọdún kan láyé. Ọjọ́ 22 oṣù Keje ọdún 1983 ni òfin tó dá a sílẹ̀ jáde, nígbà tí Alhaji Shehu Shagari ṣì wà lórí àlééfà. Ìdí tí ìjọba fi tì í pa kò lọ́jú pọ̀: wọ́n ní kò sí owó, àti pé àwọn ohun amáyédẹrùn tí irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ yóò fi ṣiṣẹ́ kò sí nílẹ̀. Láti ọjọ́ náà títí di òní, ìbéèrè tó wà nínú àwíjàre yìí kò kúrò nílẹ̀. Ta ni ó yẹ kí ó pèsè ọ̀nà tí ẹ̀kọ́ yóò gbà dé ọ̀dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́?

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni àwòkọ́ṣe irú yunifásítì bẹ́ẹ̀ ti wá. Ní ọdún 1963, Harold Wilson, olórí ẹgbẹ́ òṣèlú Labour, sọ̀rọ̀ ní ìlú Glasgow nípa yunifásítì kan tí yóò máa kọ́ni láti orí afẹ́fẹ́. Nígbà tí ó di olóòtú ìjọba, Jennie Lee ni ó gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ náà, Open University, gba ìwé àṣẹ ọba ní ọdún 1969, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ọdún 1971. Rédíò àti tẹlifíṣọ̀n BBC ń gbé ẹ̀kọ́ sáfẹ́fẹ́. Ilé ìfìwéránṣẹ́ ń gbé ìwé lọ, ó ń gbé iṣẹ́ àṣetiléwá bọ̀. Àṣeyọrí wọn kò ṣẹ̀yìn pé ilé ìfìwéránṣẹ́ ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, pé iná mànàmáná wà nínú ilé, pé BBC náà ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Wọn kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa la ọ̀nà. Orí ọ̀nà tó ti là ni wọ́n gbé ọkọ̀ wọn lé.

Nàìjíríà náà kò jókòó lásán. Ní ọdún 1974, Yunifásítì Èkó dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ tí yóò máa fi lẹ́tà kọ́ àwọn tí iṣẹ́ kò jẹ́ kí wọ́n wá sí kíláàsì. Ní ọdún 1976, ìjọba àpapọ̀ dá National Teachers' Institute sílẹ̀ ní Kàdúná láti fi irú ọ̀nà kan náà kọ́ àwọn olùkọ́. Àwọn tí ètò wọ̀nyí wà fún ni olùkọ́ abúlé, akọ̀wé ọ́fíìsì, àti ìyá ọlọ́mọ tí kò lè fi ilé sílẹ̀ fún ọdún mẹ́rin gbáko.

Irú àwọn wọ̀nyí ni yunifásítì ọdún 1983 fẹ́ gbà wọlé ní ọ̀pọ̀ yanturu. Ọ̀jọ̀gbọ́n Gabriel Afọlábí Òjó, onímọ̀ jọ́gíráfì tó kọ ìwé ńlá lórí àṣà Yorùbá, ni wọ́n fi ṣe gíwá rẹ̀. Àmọ́ kí iṣẹ́ tó rá pálá dìde, àwọn ológun ti gba ìjọba ní òpin ọdún náà, owó epo rọ̀bì sì ti wálẹ̀. A kò lè sọ pé irọ́ ni àwíjàre ìjọba. Lẹ́tà a máa sọnù lójú ọ̀nà. Iná a máa lọ láìsọ ìgbà tí yóò dé. Tẹlifóònù kò sí nínú ilé tálákà. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Bí ọ̀nà kò bá dára, ṣe ni à ń tún un ṣe. Ìjọba ti yunifásítì pa, síbẹ̀ ọ̀nà náà kò dára sí i.

Ọdún 17 ni ilẹ̀kùn náà fi wà ní títì. Láàárín àkókò yẹn, àwọn yunifásítì kan gbìyànjú níwọ̀nba agbára wọn. Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ fún àwọn tó wà lẹ́yìn ọgbà ní ọdún 1988. Ṣùgbọ́n ètò tí yunifásítì kan ń ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kò lè rọ́pò ilé-ẹ̀kọ́ tí a dá sílẹ̀ fún gbogbo orílẹ̀-èdè.

Oṣù Kẹrin ọdún 2001 ni ìjọba Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ jí òkú náà dìde. Ọdún yìí kan náà, nínú oṣù Kẹjọ, ni fóònù alágbèéká GSM bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà. Ṣáájú rẹ̀, gbogbo okùn tẹlifóònù tó ń ṣiṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè yìí kò tó mílíọ̀nù kan, bẹ́ẹ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀ ju ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù lọ. Láìpẹ́, ohun tí ìjọba ọdún 1984 sọ pé kò sí bẹ̀rẹ̀ sí í wọ àpò akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀. Lábẹ́ gíwá Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúgbémiró Jégẹ́dẹ́, NOUN bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwé títẹ̀ àti ibùdó ìkẹ́kọ̀ọ́ káàkiri ìpínlẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni ìforúkọsílẹ̀, ìwé kíkà àti ìdánwò bọ́ sórí kọ̀ǹpútà àti íntánẹ́ẹ̀tì. Ọbásanjọ́ pàápàá di akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ lẹ́yìn tó kúrò ní ipò ààrẹ, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀kọ́ ìsìn Krístì ní oṣù Kìíní ọdún 2018.

Ní Ilé-Ifẹ̀, Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ gbé ìgbésẹ̀ mìíràn. Pẹ̀lú MIT ti Amẹ́ríkà, àti Yunifásítì Makerere àti ti Dar es Salaam, wọ́n wọ inú ètò iLab. Nínú ètò yìí, akẹ́kọ̀ọ́ lè jókòó sí Ifẹ̀ kí ó máa darí ohun èlò ìṣàyẹ̀wò tó wà ní ilẹ̀ mìíràn láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, kí èsì àyẹ̀wò sì padà wá bá a. Ifẹ̀ kò fi mọ sórí lílo ti àwọn mìíràn. Àwọn náà kọ́ yàrá ìṣàyẹ̀wò tiwọn sórí ètò yìí. Ẹ̀kọ́ ńlá ni: àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí lè ṣẹ̀dá ẹ̀rọ ìkọ́ni, wọn kò ní láti máa rà á nìkan.

Síbẹ̀, òfin kò tètè bá ẹ̀rọ rìn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn tó jáde ní NOUN kò lè ṣe àgùnbánirọ̀, àwọn tó kàwé amòfin níbẹ̀ kò sì rí àyè ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn agbẹjọ́rò. Ọdún 2018 ni wọ́n tó tún òfin ilé-ẹ̀kọ́ náà ṣe kí ó lè máa ṣe bí àwọn yunifásítì yòókù. Ààrẹ tó buwọ́ lu àtúnṣe náà ni Muhammadu Buhari, ẹni tí ìjọba rẹ̀ ti ilé-ẹ̀kọ́ náà pa ní ọdún 1984.

Ọdún 2020 ni ìdánwò ńlá dé. Àjàkálẹ̀ àrùn Kòrónà ti gbogbo ọgbà pa nínú oṣù Kẹta. Ọ̀pọ̀ yunifásítì aládàáni gbé ẹ̀kọ́ lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní ti ìjọba, àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ ASUU ti wà lẹ́nu ìyanṣẹ́lódì, kò sì parí títí di oṣù Kejìlá. Ọmọ ẹni tó lówó ń kàwé lọ. Ọmọ tálákà jókòó sílé. Ká tilẹ̀ ní ìyanṣẹ́lódì kò sí, ta ni yóò ra dátà fún un? Iná wo ni yóò fi gbá fóònù rẹ̀?

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ọdún 1984 àti ti òní ti pàdé. Nígbà náà, ìjọba rí i pé ohun amáyédẹrùn kò sí, ó sì ti ilẹ̀kùn. Lónìí, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀, òun ni ó ń ra fóònù, òun náà ni ó ń ra dátà. Yunifásítì tó bá fẹ́ gbé ẹ̀kọ́ sórí ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ ìṣirò rẹ̀ láti orí iye kọ̀ǹpútà tó rà. Kí ó kọ́kọ́ ka iye akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ̀kọ́ náà kò ní lè dé ọ̀dọ̀ wọn, kí ó sì wá owó tiwọn mọ́ owó ẹ̀rọ. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, yóò ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn kan gẹ́gẹ́ bí ti ọdún 1984, àfi pé lọ́tẹ̀ yìí kò ní sí ẹni tí yóò kéde rẹ̀.